Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Tó Ń Fi Ẹṣin Fo Ìdènà: Ọ̀rọ̀ Tí O Ti Mọ̀ Ni Kí O Ṣọ́

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Adátán ni mò ń gbé níbí ní Abẹ́òkúta. Láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi tọ́jú ẹṣin tí àwọn ìdílé kan máa ń gùn lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti wá rí iṣẹ́ olùtọ́jú ẹṣin ní ibùdó kan ní England, ẹṣin tó ń fo ìdènà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Mo yege nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bí mo bá ń wo ìdíje wọn lórí fóònù, àfi bíi pé èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ẹlẹ́ṣin kan ‘had one down’, mo ń wá ẹni tó ṣubú, n kò rí ẹnì kankan. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni 20 ọdún lọ ‘retired’. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ kọ́, báwo ni kí n sì ṣe kọ́ ọ? Oṣù 3 ló kù kí n lọ.”

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire. Àwọn tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹṣin kò pọ̀ mọ́ láàárín wa, inú mi sì dùn sí lẹ́tà rẹ gan-an. Bí a ṣe ń wo etí ẹṣin kí a tó mọ̀ pé inú ń bí i, bí a ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu pé kò jẹun dáadáa lánàá, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn mìíràn fi ń kọ́ ìyẹn. Ìwọ ti mọ̀ ọ́n kí o tó mọ ìwé kà. Èdè ló kù, oṣù 3 sì tó fún un bí o bá bẹ̀rẹ̀ síbi tó yẹ.

Àwọn kan yóò fẹ́ kó ọ̀rọ̀ igba jọ fún ọ láti A dé Z. Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì kì í ṣe èèyàn ní jàǹbá. Bí o bá gbọ́ “oxer” lónìí, o mọ̀ pé o kò mọ̀ ọ́n, wàá béèrè, wọ́n á sọ fún ọ, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí o ti mọ̀ láti ilé ìwé ni yóò dá ọ láàmú: “fence”, “fault”, “clear”, “hand”, “short”, “sound”, “off”. Wàá gbọ́ ọ, wàá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wàá sì lọ ṣe ohun mìíràn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ ṣe yìí fún ọdún 6 kí n tó padà wá sílé wá máa kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ọ̀hún, ẹni tó ń kọ́ wa kígbe sí mi láti àárín pápá pé, “Change the rein!” Mo mọ “change”. Mo mọ “rein”, okùn ìjánu ni. Mo bá gbé okùn láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó tún kígbe, mo tún pààrọ̀ ọwọ́. Ẹṣin ń lọ ní tirẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ níwájú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù mí. Ohun tó ń wí ni pé kí n yí ẹṣin padà, kí n máa fi apá kejì yí pápá po. Bí ọwọ́ òsì rẹ bá kọjú sí àárín pápá, o wà “on the left rein”. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, “on the right rein” nìyẹn. Kò sí okùn tí ẹnikẹ́ni ń pààrọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ọkàn mi balẹ̀ sí jù ni ó yẹ kí n tún béèrè.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti “fence”. Níbí, ògiri búlọ́ọ̀kù tí a mọ yí ilé ká ni fẹ́ǹsì, èyí tí àwọn mìíràn ń to àfọ́kù ìgò sí lórí. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan fo fẹ́ǹsì, olè ni wọ́n ń sọ. Ní pápá ìdíje, gbogbo ohun tí ẹṣin bá fò ló ń jẹ́ “fence”, ì báà jẹ́ ọ̀pá igi kan ṣoṣo. “Wall” wá jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi “fence”: pákó fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kùn ún bíi bíríkì, bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá kàn án lókè, yóò jábọ́. Ọ̀pá igi yẹn ni wọ́n ń pè ní “pole” ní England, “rail” ni ní Amẹ́ríkà. Férémù tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni “wing”, irin kékeré tí orí ọ̀pá jókòó sí ni “cup”. “Cup” kò gbá ọ̀pá mú pinpin. Ó kàn gbé e dání ni, kí ọ̀pá lè jábọ́ kí ẹsẹ̀ ẹṣin má baà há.

Ìdènà tó dúró ṣánṣán, ọ̀pá lórí ọ̀pá, tí kò ní ìbú, ni “upright”. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní “vertical”, wàá sì gbọ́ méjèèjì. Èyí tó ní gíga tó tún ní ìbú ni “spread”, àwọn “spread” tó wọ́pọ̀ jù sì ni “oxer”: ọ̀pá níwájú, ọ̀pá lẹ́yìn, àlàfo láàárín. Inú “ox”, màlúù, ni orúkọ yẹn ti jáde. Àwọn àgbẹ̀ England máa ń gbin igi wẹ́wẹ́ ṣe ọgbà yí pápá ká, wọ́n á tún fi igi gbọọrọ kan dábùú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí màlúù má baà wó ọgbà náà. Ẹlẹ́ṣin tó bá ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bọ̀ ní láti fo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o bá rántí màlúù àti ọgbà, o kò ní gbàgbé “oxer” mọ́. “Triple bar” ni ọ̀pá mẹ́ta tó ń ga sókè bí àtẹ̀gùn. Ó fẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń rọ ẹṣin lọ́rùn, nítorí ó ń rí bí ìdènà náà ṣe ń gòkè lójú ara rẹ̀.

Omi jẹ́ oríṣi méjì, má dà wọ́n pọ̀. “Open water” ni adágún fífẹ̀ tí ẹṣin gbọ́dọ̀ fò kọjá. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan omi tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. “Liverpool”, tó jẹ́ orúkọ ìlú, ni àwo omi pẹrẹsẹ tí wọ́n gbé sábẹ́ ọ̀pá. Ti omi yẹn kò kan adájọ́, ọ̀pá ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ “bank” tún ńkọ́? Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni níbẹ̀. Ní Hickstead, ní gúúsù England, láti 1961 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje tí wọ́n ń pè ní Derby, “bank” kan sì wà níbẹ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínṣì 6. Ẹṣin á gun orí rẹ̀, á yọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ojú rẹ̀ tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, á sì fo “fence” mìíràn kété tó bá délẹ̀. Bí wọ́n bá ní “He didn't like the bank”, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

“Double” ni ìdènà méjì tó sún mọ́ra tí wọ́n fún ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, A àti B. Bó bá di mẹ́ta, “treble” ni. Orúkọ gbogbo wọn lápapọ̀ ni “combination”. Bí ẹṣin bá kọ̀ ní B, kò lè mú B nìkan. Ó gbọ́dọ̀ padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti A. Àsíá méjì ló wà lára gbogbo ìdènà: pupa ní ọ̀tún, funfun ní òsì. Mọ ìyẹn lórí, torí ìwọ ni wọ́n máa ní kí o bá wọn to ìdènà ibi ìmárale, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba òdìkejì fò ó.

Ó tó àkókò kí n dáhùn ohun tí o béèrè gan-an. “Had one down”: ọ̀pá ló lọ sílẹ̀, kì í ṣe èèyàn. “She had the last down” túmọ̀ sí pé ó wó ìdènà tó kẹ́yìn. “Two down”, ìdènà méjì. Wọn kì í sábà dárúkọ ọ̀pá rárá, etí ló ń kún un.

“Fault” lẹ́nu wa ni ẹ̀bi, tàbí ohun tó bàjẹ́ lára waya iná. Níbẹ̀, ìyà tí a ń kà ní nọ́ńbà ni. Ọ̀pá kan wó, “four faults”. Méjì, “eight faults”. FEI, àjọ àgbáyé tó ń rí sí eré ìdíje ẹṣin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1921, ń pè é ní “penalties” nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n “faults” ni ẹnu èèyàn mọ́ sí. Ẹni tí kò ní ìkankan, ó “clear”. Àwa a máa “clear” ẹrù ní èbúté, a máa “clear” gọ́tà. Níbẹ̀, “a clear round” ni kí ẹṣin lọ kó sì bọ̀ láìsí àbùkù. “Double clear” ni kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Wo ibi tó ti ń dùn. Bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá kan ọ̀pá, tí ọ̀pá jó nínú “cup” ṣùgbọ́n tí kò jábọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n á ní “he rubbed it” tàbí “he rattled it”. Lára “upright”, bí ọ̀pá ìsàlẹ̀ bá jábọ́ tí ti òkè kò mira, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ náà. Bí “oxer” bá sì tú pátápátá, iwájú àti ẹ̀yìn, 4 náà ni, kì í di 8. Ẹni tí kò mọ èyí á máa rò pé adájọ́ ń ṣe ojúsàájú.

Bí ẹṣin bá dé iwájú ìdènà tó dúró, “refusal” tàbí “stop” ni. Bó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kọjá, “run-out” ni. 4 faults ni ìgbà àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin FEI, ìgbà kejì ni “elimination”, wọ́n lé e kúrò nìyẹn. Bí ẹlẹ́ṣin bá ṣubú, wọ́n lé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin rẹ tó “retired”, kò gba owó ìfẹ̀yìntì. Ó rí i pé ẹṣin òun kò sí nípò lọ́jọ́ náà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kúrò ní pápá fúnra rẹ̀ kó tó parí. Adájọ́ ló ń sọni di “eliminated”, ẹlẹ́ṣin ló ń yan “retired”. Bí kò bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá, “withdrawn” ni. Mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá “retired” nítorí ẹṣin rẹ̀.

Ti àsìkò, mo máa sọ ọ́ ní kúkúrú. Agogo á dún, ẹlẹ́ṣin ní 45 ìṣẹ́jú àáyá láti kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀. “Time allowed” kì í ṣe ìyọ̀ǹda tí a tọrọ. Àsìkò tí wọ́n ṣírò láti ara gígùn ọ̀nà ni. Ọ̀nà mítà 525, tí wọ́n ní kí wọ́n máa sá mítà 350 ní ìṣẹ́jú kan, “time allowed” rẹ̀ jẹ́ 90 ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, “time faults” bẹ̀rẹ̀. “Time limit” ni ìlọ́po méjì rẹ̀, 180, ẹni tó bá kọjá ìyẹn ti kúrò nínú ìdíje.

Bí àwọn bíi mélòó kan bá “clear”, wọ́n á padà wá fún “jump-off”. Kì í ṣe bí a ṣe ń fò bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ìdènà tó dín kù ni, wọ́n sì máa ń ga sí i, ẹni tó bá yára jù láìwó nǹkan ló gbégbá orókè. “Against the clock” ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó lo 45 ìṣẹ́jú àáyá tó “clear” sàn ju ẹni tó lo 38 tó wó ọ̀pá kan.

Ìdíje kan tún wà tí wọ́n ń pè ní “puissance”, ọ̀rọ̀ Faransé ni, agbára ló túmọ̀ sí. Ògiri pákó ńlá kan ni wọ́n ń gbé ga sí i, ga sí i, títí á fi ku ẹṣin kan tàbí díẹ̀ péré. Ó sì ti pẹ́ tí ẹṣin ti fo ohun tó ga jù: ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 1949, ní Viña del Mar ní Chile, ẹṣin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Huaso fo mítà 2.47, Alberto Larraguibel ló gùn ún. Wo lẹ́ńtẹ̀ẹ̀lì ilẹ̀kùn yàrá rẹ, kí o fojú inú gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì borí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbúrò, olùtọ́jú ẹṣin ni wọ́n gbà ọ́ fún. Láti àárọ̀ kùtùkùtù ni wàá ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹṣin, ọ̀rọ̀ pápá á dọjọ́ ìdíje. Ibí ni kí o ti fara balẹ̀ jù.

Ọ̀gá rẹ lè sọ pé, “There's heat in the off fore.” “Off” kì í ṣe pé a pa á bí iná. Apá ọ̀tún ẹṣin ni “off side”, apá òsì ni “near side”. Òsì la ti ń gùn ún: láyé àwọn jagunjagun, idà máa ń so mọ́ ìbàdí òsì, ẹni tó bá gba ọ̀tún gùn ún, idà á dí i lọ́wọ́. Nítorí náà “near fore” ni ẹsẹ̀ òsì iwájú, “off hind” ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn. “Heat” ni kí ẹsẹ̀ gbóná lọ́wọ́ bí o bá fọwọ́ kàn án, àmì pé nǹkan ń ṣe é nínú. Bí o bá lọ di omi tútù mọ́ ẹsẹ̀ òsì nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tún ló ń dun ẹṣin, ẹṣin kò lè sọ fún ọ.

“Is he sound?” Kò bi ọ́ bóyá ẹṣin ń yán. Ó ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, bóyá kò tiro. “Lame” ni ẹṣin tó ń tiro. Bó bá kéré gan-an tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, wọ́n á ní “he's a bit short in front”. Má dáhùn pé rárá, ó ga dáadáa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kò gùn tó bó ṣe yẹ, ìròyìn tó burú ni, wọ́n ń dúró kí o mú un jáde kí wọ́n wò ó.

Gíga ẹṣin, “hands” ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. “Hand” kan jẹ́ ínṣì 4, láti ilẹ̀ dé òkè èjìká níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí. Ẹṣin “sixteen two”, tí wọ́n ń kọ bíi 16.2, jẹ́ “hand” 16 àti ínṣì 2. Ojú àmì kékeré yẹn ń tan èèyàn jẹ: lẹ́yìn 16.3, 17 ló kàn, 16.4 kò sí níbì kankan.

Ní ti ìwà ẹṣin, gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. “Fresh” ni ẹṣin tí kò tíì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, tí ara rẹ̀ ń yá gágá, tó lè gbé ọ ṣánlẹ̀. “Green” ni èyí tí kò tíì gbọ́n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ì báà dúdú bí aró. “Strong” ni èyí tó ń fa ọwọ́ ẹlẹ́ṣin. “Honest” ni èyí tí kì í kọ̀ bí ẹni tó gùn ún tilẹ̀ ṣe àṣìṣe. “Careful”, ìyìn ńlá ni: ẹṣin tó kórìíra kí ẹsẹ̀ òun kan ọ̀pá. “Scope” ni agbára tó ní láti fo ohun tó ga tó sì fẹ̀. Ọjọ́ kan ni wàá gbọ́ “He's a bit strong, try another bit”, “bit” méjì nínú gbólóhùn kan. Díẹ̀ ni ti àkọ́kọ́. Irin ẹnu ẹṣin ni ti ìkejì. “Seat” náà kì í ṣe àga, bí èèyàn ṣe jókòó lórí ẹṣin ni. Ará Italy kan, Federico Caprilli, tó kú ní 1907, ló yí “seat” àwọn tó ń fo ìdènà padà. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fà sí tẹ́lẹ̀ bí ẹṣin bá fò. Òun ló kọ́ wọn kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n bá ẹṣin lọ. “Forward seat” nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń ṣe é lónìí.

“Turn him out” ni kí o tú u sílẹ̀ sí pápá kó lọ jẹ koríko, kì í ṣe kí o lé e jáde. “Bring him in” ni òdìkejì rẹ̀. “Muck out”, kó ìgbẹ́ àti koríko tó ti rin kúrò nínú yàrá rẹ̀. Yàrá yẹn ni “box”. “Horsebox” ni ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹṣin. “The school” ni pápá iyanrìn tí wọ́n ti ń kọ́ ẹṣin. “Collecting ring” ni ibi tí ẹlẹ́ṣin ń dúró tí wọ́n ti ń mára gbóná kó tó kàn wọ́n, ẹnikẹ́ni kì í gba owó níbẹ̀. “Tack up” ni kí o di ẹṣin ní gàárì, kí o fi ìjánu sí i lẹ́nu. Èdè wa kò ṣàjèjì sí èyí: gàárì, ìjánu, kẹ́sẹ́, gbogbo wọn ti wà lẹ́nu Yorùbá kí a tó mọ òyìnbó, títí dórí ìkóra-ẹni-níjàánu tí a ń wàásù rẹ̀ fún ọmọ. Bí o bá gbọ́ “she took a pull” láàárín ìdènà méjì, ìjánu náà ló fà díẹ̀ kí eré ẹṣin lè rọlẹ̀.

Igbe mẹ́ta kan wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí o tó wọ bàálù. “Loose horse!”, ẹṣin kan ti já, ti ilẹ̀kùn àbáwọlé kí o sì dúró jẹ́ẹ́. “Heads up!”, ewu ń bọ̀, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ, kì í ṣe kí o gbójú sókè máa wo ọ̀run. “Mind your back!”, ẹnì kan ń kọjá lẹ́yìn rẹ, yà fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni “walking the course”. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin á fi ẹsẹ̀ wọ pápá láìsí ẹṣin, wọ́n á máa rìn láti ìdènà kan sí èkejì, ẹnu wọn á máa jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń pe ọfọ̀. Ìgbésẹ̀ ni wọ́n ń kà. “Stride” ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí ẹṣin bá ń sá eré “canter”, eré tí kò le jù, ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12. Ìgbésẹ̀ èèyàn 4 ló wọ inú rẹ̀, bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. Lọ sí Ìtòkú, kí o ní kí àwọn ìyá aládìrẹ na ọ̀pá aṣọ kan fún ọ. Ìgbésẹ̀ náà gẹ́lẹ́ nìyẹn! Òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “yard”, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wàá sì gbọ́ níbi iṣẹ́ rẹ fún gbogbo àgbàlá ilé ẹṣin.

Báyìí ni ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ. Ìgbésẹ̀ 2 ni ti ibi tí ẹṣin balẹ̀ sí lẹ́yìn ìdènà àkọ́kọ́, ìgbésẹ̀ 2 ni ti ibi tí yóò ti gbéra fún èyí tó kàn. Yọ 4 yẹn, kí o pín ìyókù sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìgbésẹ̀ 20: yọ 4, ó ku 16, “four strides” nìyẹn. Ìgbésẹ̀ 24, “five strides”. Nínú “double”, 8 jẹ́ “one stride”, 12 jẹ́ “two strides”. Bó bá wá jẹ́ 21 ńkọ́? Wọ́n á ní “it walks a long four”, ẹṣin gbọ́dọ̀ na ìṣísẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ 23, “a short five”, kó ká a díẹ̀. Nínú “jump-off”, ẹlẹ́ṣin tó láyà lè fi 4 ṣe ibi tí àwọn yòókù fi 5 ṣe: “he left one out”. Òdìkejì rẹ̀ ni “he added one”. Bí ẹṣin bá gbéra láti ibi tó jìnnà sí ìdènà, “long”. Bó bá sún mọ́ ọn jù, “deep”, kò sí odò kankan níbẹ̀. Ẹni tó “sees a stride” ni ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí ibi tí ẹṣin yóò ti gbéra nígbà tí ìdènà ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbà pé ẹni tó bá mọ gbólóhùn ìpínrọ̀ yìí ti lè jókòó ti ẹnikẹ́ni létí pápá kó sì bá a sọ̀rọ̀.

Nípa bí o ṣe máa kọ́ ọ: máa wo ẹṣin kan ṣoṣo lójúmọ́ lórí fóònù, má wo odindi ìdíje. Kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, kí o fi Yorùbá sọ ohun tí o rí sókè: ó balẹ̀, ó fa ìjánu, ó gbéra láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀pá ẹ̀yìn jábọ́. Lẹ́yìn náà, ṣí ohùn, kí o gbọ́ ohun tí òyìnbó sọ ní ojú ibi kan náà. Ojú rẹ ti mọ iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ á kàn wá jókòó sórí rẹ̀ ni. Fetí sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí etí Yorùbá máa ń gbọ́ ibẹ̀ bí ohùn òkè. “Refuse” tí a tẹ̀ níwájú ni ìdọ̀tí, èyí tó wà lára pátákó ibi ìdalẹ̀nù. Èyí tí a tẹ̀ lẹ́yìn ni kíkọ̀.

Bí o bá débẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò yé ọ, béèrè. Ilé wa kọ́ wa pé bí àgbà bá sọ̀rọ̀, kí a má jẹ́ kó tún un sọ. Wọn kò kà á sí àfojúdi lọ́hùn-ún. “Sorry, which leg?” tó. “Can you show me?” náà tó. Ẹni tó bá béèrè nípa ẹsẹ̀ ẹṣin lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń fọkàn tán.

Ní Sátidé yìí, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ọ̀pá aṣọ 10, ìyẹn “yard” 10, sórí ilẹ̀ nínú àgbàlá yín, kí o máa rìn ín lọ rìn ín bọ̀ títí ìgbésẹ̀ rẹ yóò fi bá àmì mu láìwo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé igi ìgbálẹ̀ méjì kalẹ̀ sí ibi tó bá wù ọ́ ní gbangba, kí o wọn àárín wọn. Kọ iye tí o rí ránṣẹ́ sí mi. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé 22 ni, sọ fún mi bóyá “a long four” ni wàá fi gùn ún àbí “a short five”, kí o sì sọ irú ẹṣin tí o ní lọ́kàn.